Ta Ló Sọ ‘Bẹ́ẹ̀ Ni’ Yẹn?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Bí ènìyàn bá dúró níwájú pẹpẹ, tí Fádà bi í léèrè bóyá tinútinú ló fi wá, tí ó sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé owó gbọ̀ngán tí wọ́n ti san, aṣọ ẹbí tí wọ́n ti rán, àti ojú ìyá rẹ̀ ló ń dáhùn lẹ́nu rẹ̀, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ ni yẹn? Ó tó oṣù mẹ́ta tí ìbéèrè yìí ti ń dà mí láàmú. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n sì ní kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ níwájú àwọn adájọ́ Ìjọ.

Télọ̀ ni mí, ẹ má wá ìwé gíga lọ́wọ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá. Orúkọ iléeṣẹ́ ìhunṣọ ni Aswani tí àwọn kọ̀ńdọ́ ń pariwo yẹn, bí ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà náà máa ń kún jù. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń wá òkìríkà á wá, ẹni tó ń wá léèsì á wá, ẹni tí kò tilẹ̀ wá nǹkan kan á há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, á máa ṣépè. Èmi kì í ṣépè ní tèmi. Kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé, ìyá ìyàwó kan á ti yọ sí mi pẹ̀lú àpò ọ̀rá ńlá lórí, á ní, “Bàbá télọ̀, inú oṣù tó ń bọ̀ ni o, ẹ má já wa kulẹ̀.” Aṣọ ẹbí ló ń bọ́ mi, òun ló rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni èmi àti ìyàwó mi. Kátólíìkì ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pe ara wọn, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pè wá ní Àgùdà. Àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wá sí Èkó ló gbé ìsìn náà dé. Kí àwọn Fádà tó wá fi Èkó ṣe ibùjókòó ní ọdún 1868, ọ̀kan nínú àwọn tó ti Brazil dé yìí, tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà. N óò tún padà sórí rẹ̀.

Ó tó ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí Fádà ìjọ wa ti ní kí èmi àti ìyàwó mi máa bá àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe katekísìmù là ń kọ́ wọn o, kátíkíìsì ló ń ṣe ìyẹn. Tiwa ni ọ̀rọ̀ owó inú ilé, ọ̀rọ̀ àna, ọ̀rọ̀ ìjà òru tí ará yàrá kejì kò gbọdọ̀ gbọ́. Ìyàwó mi mọ ọ̀rọ̀ yìí í sọ jù mí lọ. Èmi a máa jókòó, n óò máa mi orí.

Ní ìjọ tiwa, oṣù mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà. Ọkùnrin àti obìnrin á lọ gba ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi wá láti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣe é fún wọn. Ìwé tuntun ni Fádà ń béèrè, kì í ṣe èyí tí ìyá ẹni fi pamọ́ sínú àpótí láti ọgbọ̀n ọdún. Ìdí rẹ̀ ni pé inú ìwé ìrìbọmi náà, níbi orúkọ ènìyàn gan-an, ni wọ́n máa ń kọ ìgbéyàwó rẹ̀ sí. Ẹni tó bá ti gbé ìyàwó sílẹ̀ ní Ìbàdàn tó wá ń ṣe bí àpọ́n ní Ìsọlọ̀, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ á ti tú. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ fọ̀níkú-fọ̀larùn wà níbẹ̀. Àwọn òbí á ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n á ti ṣe ìdána tàbí kí ó kù díẹ̀.

Nígbà tí gbogbo ìyẹn bá ti ń lọ sópin, Fádà á pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin á dá wọlé, obìnrin á dúró síta. Obìnrin á dá wọlé, ọkùnrin á dúró síta. Á ní kí wọ́n búra, á sì máa bi wọ́n. Ṣé ẹnikẹ́ni ń fi ipá mú ọ? Ṣé o mọ̀ pé títí dọjọ́ ikú ni? Ṣé o fẹ́ gba ọmọ tí Ọlọ́run bá fún yín? Wọ́n á fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìkéde, ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta, pé láàrin lágbájá àti tàmẹ̀dù, ẹni tó bá mọ ohun tó lè dí ìgbéyàwó yìí lọ́wọ́, kí ó wá sọ ọ́. Ìkéde yìí kì í ṣe nǹkan àná, ìpàdé ńlá tí Ìjọ ṣe ní Róòmù ní ọdún 1215 ló sọ ọ́ di òfin. N kò tíì rí ẹni tó jáde sọ nǹkan kan láti ọdún mẹ́sàn-án yìí. Kí ni aládùúgbò mọ̀? Ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n ń kéde.

Ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2018, ọmọbìnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà lára àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀. (Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Síbẹ̀ mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.) Ọmọ dáadáa ni, kì í pẹ́ dé ẹ̀kọ́. Ọkùnrin náà jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, kì í mutí. Èmi ni mo gba aṣọ wọn rán, gáùn ìyàwó àti aṣọ ẹbí mẹ́rìndínláàádọ́ta. Iṣẹ́ ńlá ni.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ó wá wọ gáùn wò. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀, mo ń fi pínnì mú etí aṣọ náà, mo sì ní pínnì mẹ́ta mìíràn lẹ́nu. Ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó wá ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí èèyàn bá fẹ́ sọ pé òun ò ṣe mọ́, ìgbà wo ni àsìkò rẹ̀ máa ń kọjá?”

N kò lè fèsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí pínnì ẹnu mi. Mo yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò kánjú. Mo wòkè, mo rí ojú rẹ̀ nínú dígí, mo sì rí àwọn aṣọ ẹbí tí wọ́n so rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ wúrà àti àwọ̀ ewé. Mo ní, “Ọmọ mi, gbogbo ìyàwó ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ìpayà ni. Lọ sinmi, kí o gba rósárì kan kí o tó sùn.” Ó ní, “Ẹ ṣé, sà.” Ó bọ́ gáùn náà, ó kí mi, ó lọ.

Ní ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí Fádà bi í, mo gbọ́ tí ó dáhùn. Ohùn rẹ̀ já geere. Ijó tí ìyá rẹ̀ jó lọ́jọ́ náà, ẹni tó wà níbẹ̀ kò ní gbàgbé.

Ọmọ kan ni wọ́n bí. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́rin, obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀. Kò sí pé ọkọ nà án, kò sí pé ó rí ọkùnrin mìíràn. Ó kàn ní láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni òun ti ń ṣe bí ẹni tó wọ bàtà ẹlẹ́ni, òun kò sì lè rìn mọ́. Ó ti wá kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ Ìjọ pé kí wọ́n wò ó bóyá ìgbéyàwó wà níbẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n ní kí ó mú ẹlẹ́rìí wá, ẹni tó mọ ọkàn rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, orúkọ mi ló kọ. Èmi nìkan ni ó sọ ọ́ fún.

Ó yẹ kí n là á yé ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìjọ wa. Lọ́dọ̀ tiwa, ìkọ̀sílẹ̀ kò sí. Bí ìgbéyàwó bá ti jẹ́ ìgbéyàwó, ikú nìkan ló lè tú u. Ohun tí ilé ẹjọ́ Ìjọ ń wádìí kì í ṣe bóyá tọkọtaya ń jà, tàbí ẹni tó jẹ̀bi. Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni wọ́n ń padà sí. Ṣé àwọn méjèèjì gbà lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn? Òfin sì ti ìgbéyàwó lẹ́yìn. Ìgbéyàwó dúró títí ẹni tó ń jiyàn yóò fi fi ẹ̀rí hàn, wọ́n a sì tún yan ẹnìkan tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti gbèjà ìdè náà. Títí di ọdún 2015, ilé ẹjọ́ méjì ló gbọ́dọ̀ dájọ́ bákan náà kí ọ̀rọ̀ tó lè parí. Póòpù Francis ló sọ ọ́ di ọ̀kan, bí ẹnikẹ́ni kò bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí wọ́n bá sì dá a pé kò sí ìgbéyàwó, ọmọ tí wọ́n bí kò di ọmọ àlè, òfin Ìjọ sọ bẹ́ẹ̀ gedegbe. Ti ìjọba tún wà lọ́tọ̀, ilé ẹjọ́ gíga ni wọ́n á lọ fún ìyẹn, nítorí òfin ọdún 1970 tó ń rí sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé Bíṣọ́ọ̀bù wà.

Nígbà tí ìwé náà tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo lọ bá Fádà wa pé kí ó ṣàlàyé fún mi. Ó bá mi jókòó fún wákàtí méjì, Ọlọ́run yóò fún un lẹ́mìí gígùn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Fádà kọ́ ló ń so ọkọ àti ìyàwó pọ̀. Mo ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún kí n tó mọ̀! Àwọn méjèèjì fúnra wọn ni wọ́n ń fi sákrámẹ́ńtì náà fún ara wọn. Fádà kàn ń bi wọ́n léèrè ni, ó ń gba ìdáhùn wọn ní orúkọ Ìjọ, àwọn ẹlẹ́rìí méjì sì ń gbọ́. Òfin tilẹ̀ sọ pé níbi tí ènìyàn kò bá ti lè rí Fádà láàárín oṣù kan gbáko, irú ibi tí àwọn ènìyàn Pa Antonio wà nígbà kan, ọkùnrin àti obìnrin lè sọ ọ̀rọ̀ náà níwájú ẹlẹ́rìí méjì péré, ìgbéyàwó sì dé nìyẹn.

Wọ́n ti ja ìjà yìí tipẹ́. Ní èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀mọ̀wé Bologna ní ìgbà tí ọkọ àti ìyàwó bá sùn pọ̀ ni ìgbéyàwó tó pé. Àwọn ti Paris ní rárá o, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló ṣe é. Póòpù Alexander Kẹta, tó wà lórí oyè láti 1159 sí 1181, ló là wọ́n níjà pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń ṣe ìgbéyàwó, oorun ló ń jẹ́ kí ó di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè tú. Ìdí tí wọ́n fi wá mú Fádà àti ẹlẹ́rìí ní dandan ní ọdún 1563 ni pé àwọn ọkùnrin ń lọ sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọbìnrin ní kọ̀rọ̀, wọ́n á gba ohun tí wọ́n fẹ́ gbà, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Ẹ rí i pé Èkó kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó wá ku òfin kan tó bá mi nínú jẹ́. Nínú ìwé òfin tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní ọdún 1983, wọ́n kọ ọ́ pé bí ènìyàn bá wọ ìgbéyàwó nítorí ipá tàbí ẹ̀rù ńlá tó ti ìta wá, tí ó jẹ́ pé ìgbéyàwó náà nìkan ni ọ̀nà tó rí láti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù ọ̀hún, kò sí ìgbéyàwó níbẹ̀. Wọ́n ní kódà bí ẹni tó fa ẹ̀rù náà kò mọ̀ọ́mọ̀. Mo ní kí Fádà tún un kà. Kódà bí kò mọ̀ọ́mọ̀!

Mo rántí ìyá ọmọ náà. Kò fi igi lé e lórí, kò ní òun máa fi í gégùn-ún. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí ó sọ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ni pé, “Ẹ̀yin èèyàn ẹ bá mi dúpẹ́, ọmọ tó máa bò mí láṣìírí nìyí. Ká ní kò rí ọkọ lọ́dún yìí ni, ibo ni mo fẹ́ fojú sí?” Ọmọ náà jókòó níbẹ̀, ó ń yẹ ìwé àpẹẹrẹ aṣọ wò.

Ìyàwó mi kò fara mọ́ gbogbo àlàyé yìí. Ó ní, “Bàbá ọmọ mi, ta ni kò bẹ̀rù? Èmi náà fẹ́ sá lọ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Tí ẹ bá lọ sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà á, ìgbéyàwó wo ló máa dúró ní gbogbo Èkó yìí?” Ọ̀rọ̀ gidi ni ó sọ. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, wọn kò bi í rárá, wọ́n kàn ní kí ó dì mọ́ ẹrù rẹ̀ ni. Ó sì lo ọdún mọ́kànlélógójì nílé bàbá mi, ó sunkún bàbá mi débi tí a fi ń bẹ̀ ẹ́. Ṣé kí n wá sọ pé ìyẹn kì í ṣe ìgbéyàwó ni?

Mo wá bi ìyàwó mi pé, “Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ni o ń bẹ̀rù gan-an?” Ó rò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ni. Ẹ máa ń dákẹ́ jù. Mo ní ṣé báyìí ni ọkùnrin yìí máa dákẹ́ tì mí títí tí mo fi máa kú?”

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ẹ̀rù méjì ló wà. Ìyàwó mi ń bẹ̀rù ọ̀nà tó fẹ́ rìn, ó sì tọ́ kí ó bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kí ó bá ẹnìkan gbé títí ikú, tí àyà rẹ̀ kò já rárá, mo rò pé kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni. Ẹ̀rù yìí kò ba bẹ́ẹ̀ ni jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kejì, ti pípadà sẹ́yìn ni. Kì í ṣe pé ènìyàn ń wo ọkọ kí àyà rẹ̀ máa já. Àwọn tó ti ra aṣọ ló ń wò, àti àbúrò tó ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, àti ìyá tí kò ní ibi tó fẹ́ fojú sí. Ìtìjú ni ẹ̀rù yẹn ń jẹ́ ní èdè wa. Ọmọbìnrin náà kò bi mí pé ṣé ọkọ òun máa tọ́jú òun. Ó ní ìgbà wo ni àsìkò máa ń kọjá. Ká ní mo bi í ní ìbéèrè tí mo bi ìyàwó mi, n bá ti mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Mo sì rò pé ìdí tí n kò fi bi í ni pé mo ti mọ̀. Aṣọ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló so rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ti ná àṣansílẹ̀ owó wọn.

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ètò ìgbéyàwó wọn, ipele kan wà tí wọ́n ń pè ní ìjọ́hẹn, tàbí ìṣíhùn. Ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ jẹ́ hẹn, kí ó ṣí ohùn, wọ́n sì ń mú nǹkan wá lórí rẹ̀. N kò sọ pé gbogbo ayé àtijọ́ dára o. A mọ àwọn tí wọ́n ti fún lọ́kọ kí wọ́n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún nǹkan lórúkọ mọ̀ pé nǹkan náà wà. Ẹ wá wo tiwa lónìí. Níbi ìdána, alága ìjókòó á kó ẹrù kalẹ̀, iṣu, oyin, orógbó, àpótí aṣọ, á ní kí ìyàwó mú ohun tó wù ú jù. Gbogbo wa la mọ̀ pé Bíbélì ni yóò mú. Òrùka wà lára rẹ̀. Bí ó bá lọ mú iṣu ńkọ́? A ó rẹ́rìn-ín, alága á sì ní kí ó tún un mú. Nínú ìjọ wa, àwọn Ìgbò pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe tiwọn, wọ́n á gbé ẹmu lé ọmọbìnrin lọ́wọ́, á máa wá ọkọ rẹ̀ kiri láàárín èrò, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mìíràn á máa nawọ́ sí i. Èyí wù mí. Ó kéré tán, ó rìn díẹ̀ kí ó tó débẹ̀.

Oṣù mẹ́fà tí Ìjọ fi ń kọ́ni, mo ti wá gbà pé torí kí ẹni tó bá fẹ́ padà lè rí àyè padà ni. Àwa ni a fi nǹkan mìíràn kún un. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ èmi àti ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kínní, wọ́n ti san owó gbọ̀ngán. Kí Fádà tó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó ní kí wọ́n búra, aṣọ ẹbí ti tà tán, káàdì ti jáde. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ló wá kẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wo ló fẹ́ dìde níwájú Fádà kí ó sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀, nígbà tí irinwó ènìyàn ti ń gé gèlè sílẹ̀?

Ìyá ọkọ náà ti wá bá mi. Oníbàárà mi ni òun náà, láti ọdún gbọ́nrín. Ó kúnlẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní kí ó dìde, kò dìde. Ó ní, “Bàbá, ẹ má tú ilé ọmọ mi ká. Ẹ ní ẹ ò rántí. Ta ló máa mú yín sí i?” Lóòótọ́, ta ló máa mú mi sí i? Ọ̀rọ̀ èèyàn méjì ni, ní iwájú dígí.

Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ náà pè mí lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Èyí ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn. Kò bínú. Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣáà dákun. Ṣé lóòótọ́ ló bi yín bẹ́ẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ó ku ọjọ́ mélòó?” Mo ní mọ́kànlá. Ó dákẹ́, mo gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, sà?”

Bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀, òótọ́ ni. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn fún ẹni tí kò lè sọ ọ́ padà fún un. Ọdún mẹ́rin ló fi ń wá ohun tó ṣe tí inú ìyàwó rẹ̀ kò fi dùn. Mo ti ń rò ó bí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà nìkan, bí ẹni pé òun nìkan ni mo ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá bo ìbéèrè mọ́lẹ̀ kí ìnáwó má baà bàjẹ́, àwọn méjèèjì ló rẹ́ jẹ. Ilé ẹjọ́ wo ló máa dá ọdún mẹ́rin padà fún ọkùnrin yẹn?

Nítorí náà, n óò lọ ní Ọjọ́bọ̀. N óò sọ ohun tí ó bi mí, n óò sì sọ ohun tí mo fèsì. Fádà ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó ń gbèjà ìdè náà lè bi mí bóyá ó sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni fi ipá mú òun. N óò ní rárá, kò sọ bẹ́ẹ̀. Bóyá ọ̀rọ̀ mi á ràn án lọ́wọ́, bóyá kò ní ràn án lọ́wọ́ rárá, ìyẹn kù sọ́wọ́ àwọn adájọ́. N kò lè fi kún un, n kò sì ní yọ kúrò níbẹ̀.

Ìyàwó mi ní òun á bá mi lọ, òun á jókòó síta.

Láàárín kan, mo ti yí ọ̀nà tí mo ń gbà ṣiṣẹ́ padà díẹ̀. Bí aṣọ ìyàwó bá jẹ́ ti ọmọ ìjọ wa, n kì í fi sísọ́ọ̀sì kàn án títí Fádà yóò fi bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti pàdánù oníbàárà mẹ́ta nítorí èyí. Ọ̀kan nínú wọn ní àgbà ti ń dé sí mi, kí n gbé máṣìnnì sílẹ̀ fún ọmọ mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìyá kan tún mú ọmọ rẹ̀ wá láti inú ọjà, léèsì funfun méjì nínú ọ̀rá. Mo ní kí ìyá bá mi ra omi wá ní ìsọ̀ kejì. Nígbà tó jáde, mo na tépù mọ́ ejìká ọmọ náà, mo ní, “Ọmọ mi, kí lò ń bẹ̀rù nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yìí?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ah, Bàbá! Ẹ̀rù wo?” N kò sọ nǹkan kan. Mo ká tépù náà mọ́wọ́, mo jókòó, mo sì dúró kí ó rẹ́rìn-ín tán.